Imú Bàtà Ọ̀tún

Bàtà ni mo ń wá, ẹsẹ̀ ni mo rí. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn bàtà lásán ni mo jókòó tì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó yẹ kó máa fi tẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi wa bọ́ọ̀sì láì kan igi, láì kan ènìyàn. Ó ku oṣù mẹ́rìndínlógún kó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju kí oṣù náà pé kó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rere. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ní tèmi, ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn la máa ń fọ̀, a ó gbẹ ẹ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó ká a. Ẹni tó bá ti ká aṣọ ibùsùn fún ọdún méjìlá yóò mọ bí aṣọ ṣe ń gbó. Èyí tí aláìsàn tí kò lè yíra padà sùn lé, àárín ló ti máa ń ṣá. Èyí tí àwọn tó ń gbé aláìsàn máa ń dì mú, etí ló ti máa ń ya. Mo máa ń fọ́nnu níbi iṣẹ́ pé kò sí ohun tó gbó tí mi ò lè sọ ohun tó mú un gbó. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ojú mi lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bàtà.

Eré la fi bẹ̀rẹ̀. Eré àwo jíjù ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àwo oníke ni, ó pẹlẹbẹ, kò ju ìdérí ìkòkò kékeré lọ. Èèyàn á dúró lórí pèpéle sìmẹ́ńtì, á ju àwo náà sí apẹ̀rẹ̀ irin kan tó wà lókèèrè, tí wọ́n so ṣéènì rọ̀ yí ká lókè rẹ̀. Tí àwo bá gbá ṣéènì, á já sínú apẹ̀rẹ̀. Tí kò bá débẹ̀, onítọ̀hún á lọ bá a níbi tó balẹ̀ sí, á tún un jù. Ẹni tó bá fi iye ìgbà tó kéré jù jù ú wọlé ló jẹ. Apẹ̀rẹ̀ méjìdínlógún ló wà ní pápá wa, ìrìn wákàtí méjì sì ni kéèyàn tó kárí wọn. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà máa ń ní kí wọ́n wá wo àwọn àgbààgbà tó ń lé ìdérí ìkòkò kiri. A kì í dá wọn lóhùn.

Ohun tí eré yìí ń jẹ ni bàtà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á wà níwájú, òsì á wà lẹ́yìn. Bí ara bá ti yí tẹ̀ lé àwo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wọ́ imú lórí sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì á sì bù ú jẹ. Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà ti ẹ̀ yí padà: ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń wà lẹ́yìn, imú bàtà ọ̀tún ló ń lu. Kò sí ẹni tí imú bàtà rẹ̀ kan kò lu nínú wa. Bí a bá pàdé ní pápá, ibẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń wò ká tó wo ojú, ẹnì kan á sì sọ pé, "Ìka ẹsẹ̀ yín mà ti jáde wá kí mi o."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Àbúrò, bá mi wá bàtà tí kò ní tètè lu. Kó má wọ́n jù o. Àmọ́ mi ò fẹ́ rí imú tó lu mọ́."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Inú mi dùn bí ó ṣe rán mi. Ẹnu mi mú nídìí ọjà, ó sì mọ̀.

Bàtà kánfáàsì ni mo kọ́kọ́ rà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ó búra fún mi pé ọmọ ọmọ mi ló máa jogún ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Kí ọmọ ọmọ mi tó fojú kàn án, imú ẹ̀ ti là bí ẹnu ẹja.

Mo ra àlòkù bàtà ìsáré. Ó fúyẹ́, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà, àfi bí ìrì òwúrọ̀ ṣe gba ara ẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú àwọ̀n. Apẹ̀rẹ̀ méjìdínlógún, ẹ̀gbọ́n mi ń dún pọ̀ṣọ̀-pọ̀ṣọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Mo ra bàtà bọ́ọ̀lù, eléyìí tó ní eyín lábẹ́. Orí koríko ó dára, orí sìmẹ́ńtì ó gbé e ṣánlẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Inú wá bí mi, mo lọ ra bàtà àwọn ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n ki irin bọ̀ nímú. Mo ní kí sìmẹ́ńtì wá jẹ irin ká wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ọ́ dé apẹ̀rẹ̀ kẹta, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ó wúwo," ó ní. "Ọ̀tún yìí tún wúwo ju òsì lọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè pé ṣé kì í ṣe inú páálí kan náà ni wọ́n ti jọ jáde ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ bá mi rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan gbá mi létí lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀.

Nígbà tó yá, mo mú àlòkù bàtà aláwọ kan tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì le lọ bá aránbàtà wa pé kó bá mi bo imú ọ̀tún. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, inú ibẹ̀ kò sì gbà ju èèyàn kan àti ààbọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ la máa ń pè é. Òun ló ti ń lẹ àwọn bàtà ẹ̀gbọ́n mi tó ku díẹ̀ nínú wọn. Ó gé rọ́bà lára táyà ọkọ̀, ó fi bo imú bàtà náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó tún rán an yí ká. Ó ní á lo ọdún kan tí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò bá fi fa kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wá ti pápá wa. Wọ́n fẹ́ ri páìpù omi mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi gbẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ju àwo. Mo rán gbogbo kọ́tìnì ilé mi tó ya, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti aládùúgbò.

Nígbà tí wọ́n ní pápá máa ṣí ní Sátidé tó ń bọ̀, mo jáde lọ wá bàtà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ́kọ́ yà sílé ẹ̀gbọ́n mi láti mú bàtà aláwọ yẹn kí n lè fi mọ ìwọ̀n. Kò sí nílé. Mo mú un lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ọ́ sínú àpò láì wò ó, mo sì gba ilé ìtajà aṣọ iṣẹ́ lọ, níbi tí àwọn agbálẹ̀ àti àwọn tó ń pín lẹ́tà ti máa ń ra nǹkan.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Bàtà tó fúyẹ́, tí rọ́bà àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ gòkè wá bo imú, tó nípọn, tí omi ò lè wọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo da omi lé e, mo fi imú ẹ̀ ha ẹnu ọ̀nà títí obìnrin tó ń tajà fi pariwo pé mi ò tí ì sanwó. Owó ẹ̀ ò tó ìdajì tàwọn tó kù. Mo béèrè ìdí ẹ̀.

"Àwọ̀ ẹ̀ ni, Mà. Wọn ò fẹ́ àwọ̀ ẹ̀."

Òótọ́ ni, àwọ̀ ìgbẹ́ ọmọ ìkókó ni. Mo ní ẹsẹ̀ ò lójú. Mo wá yọ bàtà aláwọ jáde láti fi wọ̀n ọ́n, mo sì rí imú ẹ̀. Rọ́bà táyà ti jẹ tán. Awọ abẹ́ ẹ̀ náà ti jẹ. Ìka mi wọ inú ihò náà lọ.

Bí mo ṣe sanwó tán, ìsọ̀ Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀ ni mo kọrí sí. Ìjà ni mo gbé lọ, mi ò ní purọ́.

"Ẹ wo iṣẹ́ yín!" Mo ju bàtà náà lé e lẹ́sẹ̀. "Ọdún kan lẹ pè é. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé! Ṣé táyà lẹ fi bò ó ni àbí bisikíìtì?"

Kò bínú. Ó rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó nu awò ojú ẹ̀, ó sì dojú bàtà náà kọ ìmọ́lẹ̀.

"Ṣé ẹ ti bú mi tán?"

"Mi ò tí ì bẹ̀rẹ̀."

"Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà mélòó ni wọ́n ti fi ju àwo láti ọjọ́ tí mo ti rán an?"

"Ìgbà mélòó kẹ̀? Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń..."

Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi ò fẹsẹ̀ kan sìmẹ́ńtì pápá. Kò sí ẹni tó fẹsẹ̀ kàn án.

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi, mo jókòó.

"Bàtà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wá," ó ní, "ẹ̀gbẹ́ ló ti jẹ, níbi àtàǹpàkò. Ẹni tó bá ń yí ara ni bàtà ẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ àti iwájú." Ó fi èékánná tọ àwọn ilà tó wà lára rọ́bà náà. "Eléyìí, iwájú nìkan ni. Ẹ wò ó, tààrà ló lọ. Ìrìn ló jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá ń rìn, imú ẹsẹ̀ yìí kì í kúrò nílẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ wọ́n ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Èèyàn méjì ni mo ti rí irú ẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, àwọn méjèèjì ló sì ní ó rẹ àwọn ni." Ó gbé ojú sókè. "Kí niṣẹ́ wọn?"

Mo sọ fún un. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó na ọwọ́ sí bàtà tuntun tó wà nínú àpò mi, ó tẹ imú ẹ̀, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan.

"Èyí dára," ó ní. "Ọdún méjì, kò ní jẹ. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́."

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń bínú, kì í sì í ṣe sí Ọ̀rọ̀-ò-pọ̀. Èèyàn bí ogún la wà ní pápá, a ń wo imú bàtà ara wa ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, a rí tẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń lu ju ti gbogbo wa lọ, àwàdà la fi ṣe. Ẹni tí kò mọ eré àwo rárá ì bá ti bi í pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ yín? Àwa ò bi í. A ti ní ìdáhùn lẹ́nu kí ìbéèrè tó dé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, mo gbé bàtà náà lọ sílé wọn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Obìnrin ni mí, ó sì ju mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ inú ilé ló bá mi, nítorí náà ọkọ ni mí, mo sì máa ń gbádùn ẹ̀. Ọjọ́ yẹn mi ò gbádùn ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní lílọ̀, wọ́n ti fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá fún ọjọ́ Ajé. Ìyàwó ẹ̀ padà sídìí bọ́tìnnì tó ń rán.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ló so okùn bàtà. Ó dìde, ó rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà. Ojú ẹ̀ là.

"Àbúrò, o rí i! Àwọ̀ ẹ̀ burú, àmọ́ kò wúwo rárá. Eléyìí ò ní lu."

"Kò ní lu," mo ní. "Ẹ jókòó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fi gìgísẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé imú bàtà sókè."

"Kí lo fẹ́ wò?"

"Bóyá ó há."

Irọ́ ni mo pa. Ti òsì gòkè kíá. Ti ọ̀tún ò mira. Mo rí iṣan ọrùn ẹ̀ tó yọ, mo rí orúnkún ẹ̀ tó ń gbọ̀n, bàtà náà kàn wà nílẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀.

"Ó há díẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi sọ.

"Kò há, Bọ̀ọ̀dá."

"Ohun tí mo ń bá wọn sọ lójoojúmọ́ nìyẹn," ìyàwó ẹ̀ ní, "pé kí wọ́n yéé wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ọmọ tó ń bínú. Bàtà ni mo rò pé ó fà á."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Mo bi ẹ̀gbọ́n mi.

Kò wò mí. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lára ilẹ̀kùn ló ń wò.

"Kí n tó ní kí o wá bàtà."

Òun ló tún ń bá a lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka nǹkan tí ẹlòmíràn kọ. Alábòójútó àwọn awakọ̀ ló rí imú bàtà ẹ̀ lọ́jọ́ kan ní ọgbà ọkọ̀, ó sì bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní eré àwo ni. Wọ́n gbà á gbọ́, ta ni kò mọ̀ pé ó ń ju àwo? Àmọ́ àwáwí eré àwo ò lè bò ó títí láé, ẹnu ò sì ní dákẹ́. Tí bàtà ò bá lu mọ́, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo sì jẹ́ ẹ dáadáa.

"Báwo lẹ wá ṣe ń tẹ bíréèkì?"

"Òsì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì yẹn ò ní klọ́ọ̀ṣì, òsì ò níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀tún máa ń pẹ́ kó tó kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré." Ó gbé itan ọ̀tún sókè díẹ̀ láti fi hàn mí. "Oṣù méjì rèé. Kò sí ọmọ kankan tó forí gbá àga."

"Ọmọ mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń gbé," ìyàwó ẹ̀ sọ.

"Oṣù mẹ́rìndínlógún ló kù, Àbúrò."

"Ẹ pè wọ́n lónìí, kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún àárọ̀ ọ̀la."

"Jẹ́ kí n gbé àwọn ọmọ yẹn lọ́la nìkan. Tí mo bá gbé wọn dé, màá sọ ọ́ fúnra mi."

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá."

Mi ò tí ì sọ rárá fún ẹ̀gbọ́n mi rí. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló tọ́ mi. Ohun tó bá sọ, abẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi tán, ó dùn mí bí ìgbà tí mo gbá a létí. Mo gbé fóònù mi sọ́wọ́ kó lè rí i.

"Tí èmi bá pè wọ́n, ẹ fi pamọ́ ni wọ́n máa sọ. Ẹ fúnra yín pè wọ́n."

Lẹ́yìn náà ló mú fóònù tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn fún ọ̀la," ó ní. "Rárá, mi ò ní ibà. Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún." Ó tẹ́tí. "Oṣù méjì ni mo ti ń fi òsì tẹ bíréèkì." "Mo gbọ́, Sà," ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì gbé e sílẹ̀.

Wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì wá lójú ẹsẹ̀. Òpópónà mẹ́ta péré ni ọgbà ọkọ̀ sí ilé wọn, mo sì ní màá bá a lọ. Ìyàwó ẹ̀ ti ká ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lára ilẹ̀kùn kí a tó jáde.

Ní òpópónà àkọ́kọ́, ó rìn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó nàró, ó ń gbé itan ọ̀tún sókè díẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ré omi kọjá. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń rí ìrìn náà, iyì ni mo pè é. Ní òpópónà kejì, ó dúró, ó di èjìká mi mú.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní.

Ó wá fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, kò gbé itan mọ́. Imú bàtà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lórí ọ̀dà, ṣàrà, ṣàrà, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Obìnrin kan tó ń gbá iwájú ilé ẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo di apá ẹ̀ mú, mi ò ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, a sì ń lọ díẹ̀díẹ̀.